Wáyà Mẹ́ta Lórí Tábìlì

Bàbá Oníwáyà ti mú bírò lọ́wọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ìwé tó wà níwájú bàbá náà kò ju ojú ewé kan lọ. Àwọn ọlọ́pàá méjì ló ti bá a kọ ọ́ tán, kò ku nǹkan kan mọ́ ju kó fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé òun, tí òun ti ń ṣe wáyà gìtá fún àwọn olórin láti ogójì ọdún sẹ́yìn, ló ṣe wáyà tó gbé iná pa Onígìtá lọ́jọ́bọ̀, nítorí pé ojú òun ti ń ṣú, ọwọ́ òun sì ti ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ gbé bírò yẹn sílẹ̀ ná," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni Abẹ́rẹ́, obìnrin kúkúrú tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún bó bá ń bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn adìyẹ kan ti dán an wò rí, inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà títí di òní.

Bàbá kò gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì fojú ba oorun láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú òun.

"Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ọwọ́ yìí máa ṣàṣìṣe. Kí ni mo tún fẹ́ máa jiyàn sí? Ọkùnrin yẹn lo wáyà mi, ó kú."

Abẹ́rẹ́ mọ ohun tí Ọ̀gá Àgbà, olórí àgọ́ ọlọ́pàá náà, sọ fún Bàbá. Ọ̀gá Àgbà ti ní kó fọwọ́ sí i kó tó di ọ̀sán, pé adájọ́ á ṣàánú rẹ̀ nítorí pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Irọ́ funfun báláú. Bàbá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, àyà rẹ̀ ń dún kìrìkìrì bó bá ń mí. Bí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀wọ̀n, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ọ̀rọ̀ náà dun Abẹ́rẹ́ dọ́kàn, nítorí pé ó ti rí ìwé, kò sì tíì rí ẹ̀rí kankan.

Ó yọ wáyà pupa kan nínú ọ̀rá tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ó gbé e sórí tábìlì.

"Wáyà yẹn rèé. Ẹ fi ibi tí àṣìṣe yẹn wà hàn mí. Bí mo bá fojú ara mi rí i, èmi fúnra mi ni màá na bírò sí yín."

Bàbá wo wáyà náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tó dójú ti ìdílé. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ gba ọkàn rẹ̀, ó fi bírò há etí. Ó kọ́kọ́ ká a mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wáyà náà sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní wáyà tí kò dára máa ń gan, bí èèyàn bá ká a tán á tún nà padà. Ó tú ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ irin, ó ní kí Abẹ́rẹ́ súnmọ́ òun. Wáyà tín-ín-rín kan ló wà láàárín, òun ló ń gbé ohùn gìtá lọ. Rọ́bà bò ó. Lẹ́yìn rọ́bà ni wọ́n wá hun bàbà yí i ká bí ẹni hun agbọ̀n, kò sí ibi tó lanu. Bàbà tí wọ́n hun yìí ni kì í jẹ́ kí ariwo òde wọlé, òun náà ló so ara gìtá pọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tí gìtá ń gbà sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe gbàrọgùdù á kàn fi ìwọ̀nba bàbà díẹ̀ pọ́n ọn jákujàku, wọ́n á sì fi rọ́bà tó nípọn bò ó kí ó lè dà bí ojúlówó lójú ẹni tí kò mọ̀.

"Wo ojú ibi tí mo fi òjé jó o. Bó bá ń dán báyìí, ó mú. Bó bá ṣú, tó rí gbágungbàgun, á já lọ́la." Ó fa ọrùn wáyà náà tagbáratagbára. Kò mira.

Wọ́n gbé mítà tí wọ́n fi ń dán wáyà wò wá fún un. Ó fi kan orí kan, ó fi kan ìkejì. Mítà dún níbi tó yẹ kó dún, ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́. Bàbá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò sóhun tó ṣe é," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Iṣẹ́ tó dára ni." Ìgbà yẹn ló tó gbé bírò sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ bi í léèrè ẹni tó wá rà á. Ó ní ìyàwó Onígìtá ni, obìnrin náà kò sì mọ nǹkan kan nípa wáyà, ohun tó dára jù lọ ló ṣáà ní òun fẹ́ fún ọkọ òun. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ọkùnrin kan ti pe fóònù ṣọ́ọ̀bù. Fóònù àtijọ́ ni, kì í fi nọ́ńbà ẹni tó ń pè hàn. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Kí ló sọ, Bàbá?"

"Ohun méjì ni àwọn olórin máa ń bi mí: ṣé ó gùn tó, ṣé ohùn rẹ̀ á mọ́? Kò bi mí ní ìkankan nínú méjèèjì. Ó ní ṣé bàbà òde yẹn délẹ̀ lórí méjèèjì? Ó ní kí n fi mítà wò ó dáadáa kí n tó fún obìnrin náà." Bàbá rẹ́rìn-ín ìtìjú díẹ̀. "Inú mi dùn. Mo ní a rí ẹni tó mọ iṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé tí Bàbá kò fọwọ́ sí, ó kì í bọ àpò rẹ̀.

* * *

Yàrá tí ẹgbẹ́ olórin náà ti ń dánra wò kò ní fèrèsé. Fóòmù àtijọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kápẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀ láti igun dé igun. Abẹ́rẹ́ mú oníná tó ń bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ lọ síbẹ̀, ó ní kó tú ẹ̀yìn ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkùnrin náà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó rí.

Ẹnì kan ti gé wáyà tó yẹ kó gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Ẹni náà sì ti mú kí iná kan ara irin ẹ̀rọ náà. Àfọwọ́fà ni, kì í ṣe gbígbó. Ó ní ẹ̀rọ náà nìkan kò lè tètè pa èèyàn, nítorí pé orí kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń dúró, rọ́bà sì wà lábẹ́ bàtà wọn. Iná tí kò rí ọ̀nà jáde, jíjókòó ló máa jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà gbé e láti ara ẹ̀rọ dé okùn gìtá, Onígìtá fi ọwọ́ kan di okùn gìtá mú, ó fi ọwọ́ kejì di irin máìkì mú. Ìyẹn ni iná rí ọ̀nà jáde. Àárín àyà rẹ̀ ló gbà.

Abẹ́rẹ́ pe Ọ̀gá Àgbà lórí fóònù, ó ní ìpànìyàn lèyí, kí wọ́n tú Bàbá sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gba ẹja kan lọ́wọ́ rẹ̀ á yáa mú ọ̀pọ̀lọ́, kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Onígìtá di gìtá àti máìkì yẹn kan náà mú lọ́jọ́rú, nǹkan kan kò ṣe é. Nítorí náà, lẹ́yìn ìdánrawò ọjọ́rú ni wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà láti ìgbà yẹn títí di ọjọ́bọ̀? Ọwọ́ Onídùùrù. Onídùùrù yìí kan náà ló sọ fún Onígìtá lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Iná á jó ẹ lọ́jọ́ kan." Ó ní kí wọ́n lọ mú un. Ní ti Bàbá, kó ṣì wà níbẹ̀ ná, bóyá àwọn méjèèjì ló jọ mọ ìdí ẹ̀.

* * *

Onídùùrù ga, ó sì tín-ín-rín. Ó ti jẹ èékánná rẹ̀ dé ìdí kí Abẹ́rẹ́ tó jókòó.

"Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ẹ sọ pé iná á jó o?"

"Mo sọ ọ́. Ó ń yí ohùn gìtá sókè jù, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ dùùrù mi. Ọ̀rọ̀ ìbínú ni, mà. Ṣé ẹni tó fẹ́ pààyàn máa ń kéde ni?"

Abẹ́rẹ́ gbà pé òótọ́ kan wà níbẹ̀. Ó ní kó sọ bí ọjọ́rú ṣe rí. Onídùùrù ní wọn kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wáyà dúdú tí Onígìtá ń lò nígbà yẹn kàn ń hó ṣáá bí epo tó gbóná, gìtá kò dún rárá. Onígìtá ń gbo okùn, ó ń bú wáyà nínú máìkì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ohùn-Oyin, olórí ẹgbẹ́ wọn tó máa ń kọrin, ló ní kí wọ́n túká, pé kí wọ́n lọ wá wáyà gidi.

"Bí ẹ bá wọlé, ta ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan?"

"Ohùn-Oyin ni. Àṣà wa ni láti ọdún mẹ́wàá. Á gbo okùn gìtá, á di máìkì mú, á kí wa káàbọ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó ní ọwọ́ olórí ló ń ṣílé."

"Ó ṣe é lọ́jọ́rú?"

Onídùùrù yọ ìka lẹ́nu. "Rárá. Ó ní ọ̀fun ń dun òun."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?"

"Ó ní kí Onígìtá ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó ni aṣọ tuntun ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Ohùn-Oyin yìí ni Abẹ́rẹ́ ti ń rí lójoojúmọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń di ìyàwó olóògbé lápá mú, tó ń sunkún ju ìyá òkú lọ. Ó béèrè bóyá ìjà kankan wà láàárín Ohùn-Oyin àti Onígìtá. Onídùùrù ní kò sí ìjà, ṣùgbọ́n Onígìtá ló ń kọ gbogbo orin tí ẹgbẹ́ náà fi lókìkí, ó sì ti sọ pé bí oṣù bá parí, òun á kó orin òun, òun á lọ dá ẹgbẹ́ tòun sílẹ̀.

"Wáyà dúdú yẹn dà?"

"Mo jù ú sínú àpótí àwọn nǹkan tó ti bàjẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan máa wá a, mà."

* * *

Bàbá Oníwáyà kò tilẹ̀ dúró de mítà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn wáyà dúdú náà, ó mi orí, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀bẹ. Nígbà tó la rọ́bà, bàbà òde ti já pátápátá lábẹ́ rẹ̀, orí méjèèjì sì jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n èékánná kan.

"Èyí ti kú," ni Bàbá wí. "Ara gìtá kò kan ara ẹ̀rọ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó."

Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí i. Ọ̀rọ̀ náà wá tú palẹ̀ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí bó ṣe tú. Ikú ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn kó tó di ìdánrawò ọjọ́rú. Wáyà tó ti bàjẹ́ ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Onígìtá. Wáyà náà dúró láàárín Onígìtá àti ikú fún ogún ìṣẹ́jú, Onígìtá sì ń bú u. A jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ Onídùùrù kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Onídùùrù ti sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹgbẹ́ náà lọ kọrin níta, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa, inú ọkọ̀ Ohùn-Oyin ló sì sùn di ọjọ́rú. Ẹni tó ba ẹ̀rọ jẹ́ dúró lọ́jọ́rú, ó retí ikú, kò rí i. Ó gbọ́ híhó wáyà, ó mọ ohun tó dí ikú lọ́nà. Òun ló wá pe Bàbá lórí fóònù, tó ń wá wáyà tí bàbà òde rẹ̀ délẹ̀ lórí méjèèjì.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi lélẹ̀? Fóònù tí kò fi nọ́ńbà hàn, ọ̀fun tó ń dunni, òwe aṣọ tuntun. Adájọ́ á fi rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀gá Àgbà sì ti ránṣẹ́ pé bí aago mẹ́rin bá lù, òun á kó Bàbá àti Onídùùrù lọ sílé ẹjọ́ pa pọ̀.

"Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí, "bí mo bá fẹ́ ra wáyà tí ẹnikẹ́ni tó lórí pípé á mú láìro ó lẹ́ẹ̀mejì, irú èwo ni kí n rà?"

Bàbá sọ fún un.

* * *

Ní aago mẹ́ta, wáyà mẹ́ta wà lórí tábìlì nínú yàrá ìdánrawò. Ọ̀kan ni wáyà pupa tó wà lọ́wọ́ Onígìtá lọ́jọ́ tó kú. Dúdú tó ń hó ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta jẹ́ búlúù, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì tú u. Abẹ́rẹ́ kò tíì sọ ohun tí oníná bá lẹ́yìn ẹ̀rọ fún ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ní àwọn ọlọ́pàá fẹ́ gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún ni. Kí oníkálukú wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó mú wáyà kan, kó kì í bọ gìtá àti ẹ̀rọ, kó gbo okùn, kó di máìkì mú, kó sọ̀rọ̀.

Onílù ló kọ́kọ́ wọlé. Ó mú búlúù, ó ní òun kò tíì ya wèrè. Onídùùrù wọlé. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé pupa jìnnà sí òun, òun náà sì mú búlúù. Abẹ́rẹ́ dá ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró kí ó tó kì í bọ gìtá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Ohùn-Oyin wọ aṣọ dúdú. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó wo tábìlì náà pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú wáyà dúdú.

"Èyí tó ń hó nìyẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ó ti mọ́ wa lára."

"Kò dún lọ́jọ́rú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí wọ́n túká."

"Mo mọ̀. Èyí náà ni màá lò."

"Tuntun wà nínú ọ̀rá. Òun ni àwọn tó kù mú. Ẹni tó gbà pé wáyà burúkú ló pa ọ̀rẹ́ òun, kí ló máa fi wáyà burúkú ṣe?"

Abẹ́rẹ́ gba dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tú búlúù kúrò nínú ọ̀rá, ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó kì í bọ gìtá, ó sì na gìtá náà sí i.

"Ẹ gbo okùn kan. Ẹ di máìkì mú, kẹ́ ẹ kí wa káàbọ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bàbà òde rẹ̀ délẹ̀ lórí méjèèjì, mo ti fi mítà wò ó."

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan fóòmù ara ògiri. Òógùn bò ó. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ apá bí ẹni tí òtútù ń mú. Abẹ́rẹ́ dúró tó gìtá náà fi wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ fa okùn iná ẹ̀rọ náà jáde láti ẹ̀yìn. Kò sí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí iná nínú ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé wáyà tó dára ló ń gbé ikú inú ẹ̀rọ yìí?" ló bi í.

Ohùn-Oyin jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ohun tó sọ kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Ó ní ẹnu òun ni gbogbo ayé ti gbọ́ àwọn orin yẹn. Ó ní báwo lòun ṣe máa dúró lójú pópó kí òun máa gbọ́ wọn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀gá Àgbà, tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọlé wá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló ro gbogbo rẹ̀.

* * *

Wọ́n tú Bàbá sílẹ̀ kó tó di aago márùn-ún. Nígbà tó ń jáde, ìyàwó Onígìtá wà lórí bẹ́ǹṣì ní iwájú àgọ́. Láti ọjọ́bọ̀ ló ti ń ṣépè fún bàbá náà. Báyìí ó dìde, ó kúnlẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn kan èjìká rẹ̀, ó sì ń lọ.

Abẹ́rẹ́ fà á dìde. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì, títí kan ọ̀rọ̀ wáyà dúdú. Kò sunkún. Ẹni tó ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn-Oyin tó ti ń dì í lápá mú ló sì pa ọkọ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè."

"Bi mí, àbúrò mi."

"Ọkọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ wáyà tuntun sílẹ̀ o. Ó ní òun á fi nǹkan so ti àtijọ́ yẹn, pé òun á máa lò ó títí oṣù á fi parí. Èmi ni mo ní rárá, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ká ní mo fi ti àtijọ́ yẹn sílẹ̀ fún un ńkọ́?"

Ó wu Abẹ́rẹ́ kó purọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń jókòó ti àwọn tí èèyàn wọn kú, ó sì mọ̀ pé bópẹ́ bóyá, irọ́ irú ọjọ́ báyìí máa ń padà jẹ èèyàn lọ́kàn ju òótọ́ lọ.

"Kì bá tí kú lọ́jọ́bọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ikú rẹ̀ ń bá yín jẹ, ó ń bá yín mu. Ì bá tún wá ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì, tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe ìwọ lo pa á."

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan lọ́kàn.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí. "Ọjọ́bọ̀ yẹn nìkan ni mo bi yín."

Abẹ́rẹ́ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà títí àwọn ará ilé obìnrin náà fi dé láti wá mú un lọ.